Awakọ̀ Tó Sá fún Ọlọ́pàá: Ìtàn Òfin Kan ní Ààlà Obbo-Aiyégúnlẹ̀

Obbo-Aiyégúnlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Òsì, àwọn ìlú Ọ̀pìn, àti Ìlọ́fà tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì bá wọn pààlà ní ìhà gúúsù, tí Ìpínlẹ̀ Kogi kò sì jìnnà sí wọn ní ìhà ìlà-oòrùn. Èdè àti ìran ló so àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn Èkìtì tó wà ní òdì kejì ààlà, ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn tó ń darí wọn ti yàtọ̀ láti ọdún 1960, débi pé ọkọ̀ tó bá sá fún ọlọ́pàá ní agbègbè yìí lè ti inú ìwé òfin kan bọ́ sínú òmíràn kí epo inú rẹ̀ tó dín. Ìtàn bí òfin ṣe ń wo irú ìsálọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gba ààyè púpọ̀ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹ̀mí ti bá a lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìdí pàtàkì kan sì ni pé àwọn òfin tó ti jọba lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò ka kí awakọ̀ sá fún ọlọ́pàá sí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Wọ́n pín in sára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, wọ́n sì fi àlàfo tó wà láàárín wọn sílẹ̀ fún ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́.

Kí mọ́tò tó dé, bodè ni ibi tí arìnrìn-àjò ti ń dúró. Bodè ni ẹnu ọ̀nà ìlú, níbi tí odi ìlú ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn èrò, oníbodè sì ni ẹni tí ọba tàbí ìjòyè fi síbẹ̀ láti gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, kó sì mọ irú ẹni tó ń wọlé àti irú ẹrù tó rù. Ẹni tó bá yí bodè sílẹ̀ tó gba inú igbó wọlé ti sọ ara rẹ̀ di ẹni ìfura, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà kan, tí Ìlọrin ń fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, sí ọ̀pọ̀ ìlú, tí Ogun Kírìjì sì jà láti 1877 títí di àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886. Àṣẹ láti lé ènìyàn kò ju ibi tí ilẹ̀ ọba pin sí lọ: ìránṣẹ́ ọba kan tó bá lé asálọ dé ìlú ọba mìíràn ní láti lọ sí ààfin ibẹ̀ kó sọ ẹjọ́ rẹ̀, kí ọba náà fúnra rẹ̀ sì pinnu bóyá yóò fa ẹni náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀ràn àṣẹ tó pin sí ẹnu ààlà yìí ni ó tún padà wáyé lábẹ́ ìjọba òde òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wá.

Ààlà tó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí àwọn ará agbègbè náà fà. Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Ìlọrin, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá àgbègbè ìdáàbòbò Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ibi tí agbára Ìlọrin dé ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, tí àwọn ìlú Èkìtì kan fi bọ́ sí ìhà àríwá, tí èyí tó pọ̀ jù sì bọ́ sí ìhà gúúsù. Ọ̀tùn, tí wọ́n kọ́kọ́ kà mọ́ Ìlọrin, padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì ìhà gúúsù ní ọdún 1936, ṣùgbọ́n Obbo, Òsì àti Ọ̀pìn kò padà. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Willink wá gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní 1957 sí 1958, ìbéèrè àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbbà láti dara pọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wà lára ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, síbẹ̀ ààlà náà kò yí, òun ni Ìpínlẹ̀ Kwara sì jogún nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ààlà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ nínú òfin ìwà ọ̀daràn. Ìwé òfin tí Lugard, aláṣẹ àgbà Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, mú wá sí Àríwá ní 1904, tí wọ́n yà láti inú ti Queensland ní ilẹ̀ Australia, ni wọ́n tẹ́ lórí gbogbo Nàìjíríà ní 1916, tí a mọ̀ sí Criminal Code. Ohun tó yí i padà ni ìpinnu ìjọba Àríwá ní òpin ọdún 1958 lẹ́yìn ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ kan tí Sayyid Muhammad Abu Rannat, olórí adájọ́ ilẹ̀ Sudan, darí, pé kí Àríwá ní ìwé òfin tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ti Sudan àti ti India ṣe àwòkọ́ṣe. Penal Code ni wọ́n pè é, òun àti òfin ìlànà ìgbẹ́jọ́ tó bá a rìn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ọjọ́ kan péré kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá ṣẹ̀ ní Obbo-Aiyégúnlẹ̀ ti wà lábẹ́ Penal Code, tí ẹni tó bá ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ní ìlú Èkìtì tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà sì wà lábẹ́ Criminal Code tàbí òfin tó ti inú rẹ̀ wá. Ìwé méjèèjì ka dídí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti kíkọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n mú ènìyàn lọ́nà òfin sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi là á sílẹ̀ àti ìjìyà tí wọ́n so mọ́ ọn kò dọ́gba.

Òfin ojú ọ̀nà ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n là ní nǹkan bí 1906 wà lára àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mọ́tò lè gbà ní Nàìjíríà, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ̀lẹ̀kájà, ìyẹn lọ́rì onípákó tó ń kó èrò àti ẹrù pọ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba rí i pé òfin kan gbọ́dọ̀ wà lórí àwọn awakọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ, níbi tí òfin ìrìnnà ọdún 1930 ti sọ pé ẹni tó ń wa mọ́tò ní ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dúró nígbà tí ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́ bá ní kó dúró. Ọ̀rọ̀ kúkúrú náà ni ó wọ inú àwọn òfin ìrìnnà Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1940 wá, tí àwọn ẹkùn àti àwọn ìpínlẹ̀ sì ń dà á kọ. Nǹkan méjì nínú rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Èkíní ni pé kíkọ̀ láti dúró ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe sísá, débi pé òfin kò fi ìyàtọ̀ sáàárín awakọ̀ tó ré ọlọ́pàá kọjá pẹ̀lú ìrìn pẹ̀lẹ́ àti ẹni tó tẹ iná mọ́ ọkọ̀ tó sì ń fi ẹ̀mí àwọn tó wà lójú ọ̀nà wéwu. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí owó ìtanràn tó ni àwọn méjèèjì, àfi tí agbẹjọ́rò ìjọba bá fi ìwakọ̀ eléwu kún ẹ̀sùn ẹnì kejì. Èkejì ni aṣọ iṣẹ́, nítorí pé òfin mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò tọ́ kí awakọ̀ dúró fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà na ọwọ́ sí i.

Ẹni tí ó ń na ọwọ́ náà kò sì fìgbà gbogbo jẹ́ ẹnì kan. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni ìjọba da ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di Nigeria Police Force, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn ọba àti ìgbìmọ̀ wọn ń bá iṣẹ́ lọ, tí àwọn dògarí, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ àti ìránṣẹ́ ọba ní ìlànà Àríwá, sì wà ní Ìlọrin. Ibi tí àṣẹ ìbílẹ̀ kan bá pin sí ni agbára ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rẹ̀ ń pin sí. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọdún 1966 ni wọ́n pinnu láti fòpin sí wọn, ohun pàtàkì tó fà á sì ni ẹ̀sùn pé àwọn olóṣèlú ti sọ wọ́n di ohun èlò láti fi ni àwọn alátakò lára, ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tì lẹ́yìn. Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999, ní apá rẹ̀ 214, sọ ọ́ pàtó pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Èyí fún ọlọ́pàá tó ń lé ọkọ̀ láti Obbo-Aiyégúnlẹ̀ ní agbára láti kọjá sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì láìtọrọ àyè, nítorí pé ọlọ́pàá kan náà ni wọ́n níbi méjèèjì. Ìwé òfin tó wà lápò rẹ̀ ni kò bá a kọjá.

Bí ilé-ẹjọ́ yóò ṣe tú irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ kan tó ti Kwara jáde fi hàn. Nínú ẹjọ́ tí àwọn amòfin mọ̀ sí ẹjọ́ Njovens, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọdún 1973, àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ̀sùn kàn ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Kwara pé wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn tó digun jalè ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì jiyàn pé ilé-ẹjọ́ Kwara kò ní àṣẹ lórí ọ̀ràn tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà fún wọn: ó tọ́ka sí ìlà tó wà nínú Penal Code pé bí apá kan nínú ìṣe tó para pọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ náà lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ náà ṣe iṣẹ́ tí àwọn aṣòfin kò ṣe, nítorí pé ó fi hàn pé ọ̀daràn kò lè fi ààlà ìpínlẹ̀ ṣe ibi ìsádi. Síbẹ̀, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ kan pátápátá ṣì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ tó kọ̀ láti dúró ní Kwara tó sì gbá ènìyàn ní Èkìtì fi lè jẹ́jọ́ lọ́nà méjì ní ilé-ẹjọ́ méjì.

Ogun Abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ni ó yí ohun tí ìsálọ túmọ̀ sí padà. Nígbà ogun náà ni àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi àti àgbá dí ọ̀nà káàkiri, nígbà tí ogun sì parí tí ìbọn kò padà sí ilé ìṣúra ohun ìjà tán, ìdigunjalè gbòde, ìjọba ológun sì ṣe òfin lórí olè àti ohun ìjà ní 1970, èyí tó sọ ikú di ìjìyà ìdigunjalè. Ìdínà tí wọ́n ṣe fún ogun wá di ìdínà tí wọ́n ṣe fún olè, ó sì pẹ́ jù ogun lọ. Láti ìgbà náà ni awakọ̀ tó ré ìdínà kọjá kò ti jẹ́ ẹni tó rú òfin ìrìnnà mọ́ lójú ọlọ́pàá. Afurasí adigunjalè ni, ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fura sí pé ó ṣẹ̀ sì ni ikú. Apá kẹtàlélọ́gbọ̀n Òfin Orílẹ̀-èdè 1999, tó dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn, yọ̀ǹda pé kò lòdì sí òfin bí ẹnì kan bá kú nípasẹ̀ agbára tí kò ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n lò láti mú un lọ́nà òfin. Àṣẹ inú ilé tí ọlọ́pàá ń pè ní Force Order 237, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Amnesty International ti ọdún 2009 ṣe tú u síta, gba ọlọ́pàá láyè nígbà náà láti yìnbọn lu ẹni tó ń sá fún wọn bí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fura sí bá jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méje sókè, tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti mú un. Ewu tó wà nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ hàn kedere: ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà ní òru ni ó ń dá ẹjọ́ ohun tí awakọ̀ ṣẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi awakọ̀ léèrè ohun tó ń sá fún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì ń sá fún kò ju owó lọ. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń ná àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, tí wọ́n ń kó iṣu, kòkó àti èrò ọjà, mọ̀ pé bí páàtíkúlà ọkọ̀, ìyẹn àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀, bá pé, owó náà kò ní ṣàì jáde, ẹni tí ìwé tirẹ̀ kò bá sì pé a máa san púpọ̀ sí i. Ìwádìí tí Human Rights Watch gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2010 lórí rìbá láàárín ọlọ́pàá Nàìjíríà ṣàlàyé bí ìdínà ti di ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, àti bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn tó bá kọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005 ni ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Àbújá, tí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ pé adigunjalè ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba sọ pé kì í ṣe òótọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2012, M. D. Abubakar, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, pàṣẹ kí wọ́n kó gbogbo ìdínà kúrò lójú ọ̀nà káàkiri orílẹ̀-èdè. Àṣẹ náà mú ìtura wá fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ìdínà tó tún hù padà ní orúkọ mìíràn. Òfin Ọlọ́pàá tuntun ti ọdún 2020, tó rọ́pò èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1943, dé ní oṣù kan ṣoṣo ṣáájú kí àwọn ọ̀dọ́ tó tú síta ní ìwọ́de EndSARS lòdì sí ìwà ipá ọlọ́pàá, ó sì sọ púpọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan lórí ẹni tó ń sá nínú ọkọ̀.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà tọ ipa ọ̀nà mìíràn, tó sì sàn jù. Ẹgbẹ́ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Májàmájà, ni ó ṣí ọ̀nà fún Federal Road Safety Corps, tí ìjọba ológun fi òfin dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1988, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́, kí òfin ọdún 2007 tó tún àjọ náà tò. Nínú ìwé ìtanràn wọn, ìwakọ̀ eléwu jẹ́ 50,000 naira, dídí ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti lílu ẹ̀ṣọ́ sì ní ìtanràn tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá àjọ náà ti kìlọ̀ léraléra fún àwọn ọmọ abẹ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe fi ọkọ̀ lé ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá a kàn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àṣẹ tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé Òfin Orílẹ̀-èdè fi ìrìnnà lórí àwọn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ sí abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan, tí ọ̀nà abẹ́lé láàárín àwọn ìlú Obbo, Òsì àti Ọ̀pìn sì wà lábẹ́ òfin ìrìnnà Kwara.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ọlọ́pàá àti òfin tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sọ sísá fún ọlọ́pàá nínú ọkọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró, tí wọ́n sì ń gbé ìjìyà rẹ̀ ga sí i bí eré bá pọ̀, bí ènìyàn bá fara pa, tàbí bí ẹ̀mí bá bọ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn sọ ní 1985, nínú ẹjọ́ Tennessee àti Garner, pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ yìnbọn pa afurasí tó ń sá tí kò sì ní ohun ìjà, àfi bí ìdí bá wà láti gbà pé ó jẹ́ ewu ńlá fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlépa ń pa ènìyàn lọ́hùn-ún, tí àwọn ìlú kan sì ti fi òfin dín in kù. Síbẹ̀ àǹfààní kan wà nínú ọ̀nà tiwọn, èyí tó bá apá kẹrìndínlógójì Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà mu, tó sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá ènìyàn lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin tó wà ní kíkọ kò là sílẹ̀ pẹ̀lú ìjìyà rẹ̀: ibi tí wọ́n bá ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀ ní ìpele ìpele, adájọ́ ni yóò fi òṣùwọ̀n wọn ìjìyà, ọlọ́pàá kò sì ní ìdí láti pe awakọ̀ ní adigunjalè kó tó lè rí ẹ̀sùn tó wúwo fi kàn án.

Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ aṣọ iṣẹ́ tí òfin 1930 mẹ́nu bà ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ní agbègbè Obbo-Aiyégúnlẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kejì, àwọn agbébọn wọ ààfin Koro, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, wọ́n sì pa ọba ìlú náà. Awakọ̀ tó bá rí ọkùnrin tó wọ aṣọ ológun tó na ọwọ́ sí i ní ojú ọ̀nà tí igbó yí ká, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ní láti yàn láàárín ìbọn ọlọ́pàá bó bá sá, àti ọwọ́ ajínigbé bó bá dúró, kò sì sí òfin kankan ní Kwara tàbí ní Èkìtì tó sọ irú àmì tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi hàn kí awakọ̀ tó ní ẹ̀bi, tàbí tó yọ̀ǹda pé kí awakọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ra dé àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ọn jù lọ. Àìsí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú òfin jẹ́ àìṣòdodo sí awakọ̀ àti sí ọlọ́pàá tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe tọ́.

Àmọ̀tẹ́kùn, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ aláàbò tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin fún, ti mú àṣẹ tó ń pin sí ẹnu ààlà padà wá. Kwara kò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà ọmọ ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn Èkìtì tó ń lé ọkọ̀ àwọn ajínigbé bọ̀ wá sí ìhà Obbo kò ní àṣẹ kankan lábẹ́ òfin ní kété tó bá ti tẹ ilẹ̀ Kwara, bí kò bá ti bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí àtúnṣe Òfin Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń jíròrò ní Àbújá bá sì fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ohun tó jẹ́ ìṣòro Àmọ̀tẹ́kùn nìkan báyìí yóò di ìṣòro gbogbo ọlọ́pàá tó bá ń lé ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí, Kwara, Èkìtì àti Kogi yóò sì ní láti jọ kọ òfin kan tí yóò sọ ẹni tó lè kọjá, bí yóò ti jìn tó, irú ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò torí rẹ̀ kọjá, àti ilé-ẹjọ́ tí yóò mú awakọ̀ náà lọ.